Ẹ Má San Kọ́bọ̀ Nítorí Ìwádìí Oògùn: Ìkìlọ̀ fún Ẹ̀yin Ìyá ní Mowé, Ìbafọ̀ àti Ìfọ̀

Ẹ̀yin ìyá wa tí nǹkan oṣù yín ti ń ṣe ségesège tàbí tó ti dá pátápátá, ẹ̀yin tí ooru ń jí lóru tí aṣọ ìsùn yín ń rin gbingbin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí kí ẹ tó dáhùn ìpè tàbí àtẹ̀jíṣẹ́ kankan. Bí ẹnikẹ́ni bá wí fún yín pé wọ́n ń wá obìnrin tí wọ́n fẹ́ dán oògùn wò lára rẹ̀, pé owó gidi wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kí ẹ kọ́kọ́ san owó fọ́ọ̀mù, owó ìforúkọsílẹ̀ tàbí owó àyẹ̀wò, ẹ má san án. Ẹ má fún un ní NIN yín, ẹ má fún un ní BVN, ẹ má sì ka nọ́ńbà tí báǹkì bá fi ránṣẹ́ sórí fóònù yín sí i létí. Bí kò bá sì gba owó rárá, tó kàn kó hóró oògùn lé yín lọ́wọ́ nínú ọ̀rá láìsí ìwé, láìsí ilé ìwòsàn, ẹ má gbé e mì.

Mi ò sọ pé irọ́ ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà, ibẹ̀ gan-an sì ni ewu rẹ̀ wà. Ìwádìí tó ń sanwó fún obìnrin tí kò rí nǹkan oṣù mọ́ wà láyé yìí. Bí ẹ bá wá a lórí Google, ìpolówó rẹ̀ láti ìlú Òyìnbó lè jáde sí yín, pẹ̀lú iye owó tí wọ́n máa san lójú ìwé. Àwọn ilé iṣẹ́ apoògùn ń wá oògùn tuntun fún ooru ara, fún àìróorunsùn, fún egungun tó ń fúyẹ́, wọn ò sì lè tà á láìjẹ́ pé wọ́n ti dán an wò lára èèyàn. Wọ́n tún máa ń fẹ́ obìnrin tó ti kọjá ọjọ́ orí ọmọ bíbí fún ìwádìí oògùn mìíràn tí kò kan nǹkan oṣù rárá, nítorí kò sí ìbẹ̀rù pé oyún lè wà nínú rẹ̀ tí oògùn máa bà jẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbé nítòsí ni wọ́n ń wá. Ó gbọ́dọ̀ lè lọ síbẹ̀ léraléra kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kí wọ́n wọn ìfúnpá rẹ̀, nígbà mìíràn kó sùn síbẹ̀ mọ́jú. Kí ni ilé ìwòsàn kan ní Houston yóò rí tí yóò fi àwọn obìnrin ìlú rẹ̀ sílẹ̀, tí yóò máa wá ẹni tó ń ta ẹja ní Ìbafọ̀ kiri lórí WhatsApp? Ẹni tó bá ní òun máa bá yín ṣe físà nítorí ìwádìí oògùn, owó ọwọ́ yín ló ń wò. Ní Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀, níbi tí ìwádìí wọ̀nyí ti pọ̀, Federal Trade Commission, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà, ti kìlọ̀ fún àwọn ará ìlú pé àwọn oníjìbìtì ń fi ìwádìí oògùn bojú láti gba owó àti ìsọfúnni báǹkì èèyàn. Bí wọ́n bá lè mú ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn náà, ẹ rò ó wò fún àwa tí a jìnnà.

Àdúgbò wa ló tún mú mi kọ èyí pẹ̀lú ìkánjú. Mowé àti Ìbafọ̀ wà lẹ́bàá ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, Ìfọ̀ wà lójú ọ̀nà Abẹ́òkúta. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló kó wá láti Èkó nítorí owó ilé, tí ọjà àti iṣẹ́ wa ṣì wà ní Èkó, tí a ń jí kí ilẹ̀ tó mọ́ kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ má baà há wa mọ́. Obìnrin ẹni ọdún 50 tí kò sùn lóru nítorí ooru, tó tún gbọ́dọ̀ wà lójú ọ̀nà ní aago mẹ́rin ìdájí, yóò fẹ́ ìrànlọ́wọ́. Ilé ìwòsàn ńlá jìnnà sí i, kẹ́míìsì ló wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Bí ẹni tó wọ aṣọ funfun bá wá pa tẹ́ǹtì síwájú ṣọ́ọ̀ṣì tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà, tó gbé ẹ̀rọ ìfúnpá lé tábìlì, tó ń pe àwọn ìyá ní ohùn pẹ̀lẹ́, ta ló máa bi í ní ìwé? Kí wọ́n wọn ìfúnpá fún yín dára, ẹ jẹ́ kí wọ́n wọ̀n ọ́n. Ṣùgbọ́n bó bá ti di pé kí ẹ fọwọ́ síwèé, kí ẹ gba oògùn, kí ẹ mú káàdì ìdánimọ̀ wá kí wọ́n yà á ní fọ́tò, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀.

Ẹ jẹ́ ká sọ bí owó ìwádìí gidi ṣe ń rìn. Owó ọkọ̀ yín ni wọ́n máa san padà, owó oúnjẹ ọjọ́ náà, àti nǹkan díẹ̀ fún àkókò yín tó lọ. Òfin ìwádìí ìlera orílẹ̀-èdè yìí, tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2007, gbà á láàyè. Ohun tí kò bójú mu ni kí owó náà pọ̀ débi pé yóò fọ́ ẹni tálákà lójú, tí kò fi ní ronú sí ewu tó wà níbẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá ń ṣèlérí ọgọ́rùn-ún lọ́nà ẹgbẹ̀rún náírà lọ́sẹ̀ fún yín, àní kó tiẹ̀ san án, ẹ bi í pé kí ló ń rà. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí ìwádìí náà bèèrè fún, àwọn tó ń ṣe ìwádìí ló ń sanwó rẹ̀. Ẹni tó háyà alágbàṣe kì í gba owó lọ́wọ́ alágbàṣe kó tó jẹ́ kó wọ oko.

Àwọn kan yóò sọ pé owó díẹ̀ ni, ẹgbẹ̀rún méjì, ẹgbẹ̀rún márùn-ún, kí ni ìyẹn? Owó fọ́ọ̀mù lè máà jẹ́ òpin. Ìkẹ́kùn ni. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n máa bèèrè nọ́ńbà àkáǹtì yín pé ibẹ̀ ni wọ́n máa san owó sí, wọ́n á bèèrè BVN, wọ́n á ní kí ẹ ka nọ́ńbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sórí fóònù. Nọ́ńbà yẹn ni kọ́kọ́rọ́ ilé owó yín. Ẹni tó fẹ́ san owó sínú àkáǹtì kò nílò rẹ̀ láéláé.

Ti owó ṣì kéré lójú mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ara. Ẹ rántí Kánò. Lọ́dún 1996, àrùn yírùnyírùn jà ní Àríwá orílẹ̀-èdè yìí, ó sì pa èèyàn tó lé ní 10,000. Ilé iṣẹ́ apoògùn Pfizer láti Amẹ́ríkà kó oògùn tuntun kan tó ń jẹ́ Trovan wá sí ilé ìwòsàn àrùn àkóràn ní ìlú Kánò, wọ́n sì dán an wò lára àwọn ọmọdé. Igba ọmọ ló wọ inú ìwádìí náà. Wọ́n fún ìdajì ní Trovan, wọ́n fún ìdajì yòókù ní ceftriaxone, oògùn tí gbogbo ayé ti mọ̀. Ọmọ mọ́kànlá ló kú, márùn-ún nínú àwọn tó gba Trovan, mẹ́fà nínú àwọn tó gba èkejì. Àwọn mìíràn yè é, ṣùgbọ́n etí wọn di, tàbí ojú wọn fọ́, tàbí apá àti ẹsẹ̀ wọn rọ. Pfizer ní àrùn náà ló ṣe wọ́n, kì í ṣe oògùn, àti pé àwọn òbí ti fẹnu gbà kí ìwádìí tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn òbí ní kò sẹ́ni tó sọ fún àwọn pé ìdánwò ni wọ́n ń ṣe. Ohun tí wọ́n mọ̀ ni pé ọmọ wọn ń ṣàìsàn, wọ́n gbé e wá sílé ìwòsàn, òyìnbó sì fún un ní oògùn. Nínú ilé ìwòsàn yẹn kan náà ni àwọn dókítà Médecins Sans Frontières ti ń fún àwọn aláìsàn ní oògùn tó ti wà tipẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ìwé àṣẹ tí wọ́n fi hàn lẹ́yìn náà pé ìgbìmọ̀ ilé ìwòsàn ti fọwọ́ sí ìwádìí náà kò dúró lórí òtítọ́: ẹ̀yìn tí ìwádìí ti parí ni wọ́n kọ ọ́, tí wọ́n fi ọjọ́ àtẹ̀yìnwá sí i. Ilé ìwòsàn ọ̀hún kò tiẹ̀ ní irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà yẹn. Ìwé ìròyìn Washington Post ló tú ọ̀rọ̀ náà síta ní oṣù Kejìlá ọdún 2000. Ẹjọ́ fà títí di 2009 kí Pfizer tó bá ìjọba ìpínlẹ̀ Kánò ṣe àdéhùn owó mílíọ̀nù 75 dọ́là, ọdún 2011 ni owó sì tó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àwọn ìdílé kan lọ́wọ́. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ fi sọ́kàn pé ilé iṣẹ́ tó lórúkọ, tó ní àdírẹ́sì, tí wọ́n lè pè lẹ́jọ́ nìyẹn. Ẹni tó pa tẹ́ǹtì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Ìfọ̀ lónìí, tó lè ká a lọ́la, ọ̀dọ̀ ta lẹ fẹ́ gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ?

Láti ìgbà náà ni ilẹ̀ wa ti fi okùn tó yi sí i. Ìgbìmọ̀ kan wà ní Àbújá tí wọ́n ń pè ní NHREC, òun ló ń bójú tó bí wọ́n ṣe ń fi èèyàn ṣe ìwádìí ìlera káàkiri Nàìjíríà, òun náà ló sì ń forúkọ ìgbìmọ̀ ilé ìwòsàn kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. NAFDAC ló ń fọwọ́ sí ìdánwò oògùn kó tó bẹ̀rẹ̀. Òfin ìlera orílẹ̀-èdè ti ọdún 2014 sì là á mọ́lẹ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fi èèyàn alààyè ṣe ìwádìí láìjẹ́ pé ẹni náà fọwọ́ síwèé, lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣàlàyé fún un ohun tí wọ́n ń wá àti ohun tó lè ṣe ìlera rẹ̀. Ẹ ní ẹ̀tọ́ kí wọ́n ṣàlàyé rẹ̀ ní Yorùbá tó yé yín. Ẹ ní ẹ̀tọ́ láti gbé ìwé náà lọ sílé kí ọmọ yín tàbí dókítà mìíràn bá yín kà á. Ẹ ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀dà kan. Bí ẹ bá ti wọ inú rẹ̀ tí ọkàn yín yí padà, ẹ lè jáde lọ́jọ́ tó bá wù yín, wọn kò sì gbọ́dọ̀ fi ìtọ́jú dù yín nítorí rẹ̀. Ẹni tó bá ní kí ẹ fọwọ́ sí i kíákíá torí ààyè ti fẹ́ kún, ẹ fi í sílẹ̀ níbẹ̀.

Ìdí tí ìṣọ́ra fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ni pé oògùn fún obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dá kì í ṣe ohun eré. Ìwádìí ńlá kan wáyé ní Amẹ́ríkà tí wọ́n pè ní Women's Health Initiative. Obìnrin 16,608 tí nǹkan oṣù wọn ti dá, tí ilé ọmọ wọn ṣì wà, ni wọ́n fi ṣe apá tó kan àpapọ̀ họ́mónù méjì, estrogen àti progestin. Ọdún mẹ́jọ ó lé ni wọ́n fẹ́ ṣe é. Lẹ́yìn ọdún márùn-ún ó lé díẹ̀, lọ́dún 2002, àwọn olùṣọ́ tí kò sí lára olùṣèwádìí yẹ ìṣirò wò, wọ́n rí i pé jẹjẹrẹ ọmú, ẹ̀jẹ̀ dídì àti rọpárọsẹ̀ ń pọ̀ sí i láàárín àwọn tó ń lo oògùn, wọ́n ní kí ìwádìí náà dúró, ó sì dúró ní oṣù Keje. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tún rí i pé ọjọ́ orí ṣe pàtàkì, pé ewu yẹn kò tó bẹ́ẹ̀ fún obìnrin tí kò tíì pé 60 tí nǹkan oṣù rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, débi pé ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025 ìjọba Amẹ́ríkà kéde pé àwọn máa yọ ìkìlọ̀ tó le jù kúrò lára ọ̀pọ̀ oògùn họ́mónù náà. Ohun tí mo ń fà yọ ni àwọn olùṣọ́ yẹn. Ta ló ń ṣọ́ ẹni tó fún yín ní oògùn inú ọ̀rá? Ta ló ń ka iye àwọn tó ń ṣubú?

Bí ẹnìkan bá sì fi estrogen nìkan fún obìnrin tí ilé ọmọ rẹ̀ ṣì wà nínú, láìfi èkejì rẹ̀ tì í, ó lè fa jẹjẹrẹ ilé ọmọ. Àwọn dókítà ti mọ èyí láti nǹkan bí àádọ́ta ọdún. Ẹ wo fezolinetant pẹ̀lú, oògùn tuntun fún ooru ara tí kì í ṣe họ́mónù, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023. Kò pé ọdún méjì tí wọ́n fi lẹ ìkìlọ̀ tó le jù mọ́ ọn pé ó lè ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, pé ẹni tó ń lò ó gbọ́dọ̀ máa ṣe àyẹ̀wò ẹ̀dọ̀ lóṣooṣù níbẹ̀rẹ̀. Oògùn tó ti kọjá gbogbo ìdánwò nìyẹn. Ní oṣù Kẹta ọdún 2006, ní ilé ìwòsàn Northwick Park ní London, níbi tí gbogbo ẹ̀rọ ìtọ́jú wà, ọkùnrin mẹ́fà tí ara wọn le koko gba oògùn ìdánwò kan, owó tí wọ́n ṣèlérí fún wọn jẹ́ £2,000. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹ̀yà inú wọn ti bẹ̀rẹ̀ sí í dáṣẹ́ sílẹ̀. Yàrá ìtọ́jú àwọn tó wà láàárín ikú àti ìyè tó wà nínú ọgbà náà ló gbà wọ́n là. Mo bẹ̀ yín, èwo ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹ́ǹtì?

Bí ó bá wù yín ní tòótọ́ láti wọ inú ìwádìí, kò sí ẹ̀gbin níbẹ̀. Láìsí àwọn obìnrin tó yọ̀ǹda ara wọn, kò ní sí oògùn tó bá ara obìnrin dúdú mu. Ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn ìkọ́ni tàbí ilé ìwòsàn ńlá ìjọba ni kí ẹ gbà wọlé. Ẹni tó wà ní Mowé àti Ìbafọ̀ lè lọ sí ilé ìwòsàn ìkọ́ni Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ ní Ṣàgámù, ẹni tó wà ní Ìfọ̀ lè lọ sí Federal Medical Centre ní Ìdí-Àbà, Abẹ́òkúta. LUTH wà ní Ìdí-Àràbà, UCH wà ní Ìbàdàn. Ẹ lọ sí ẹ̀ka àwọn dókítà tó ń tọ́jú àìsàn obìnrin, kí ẹ bèèrè bóyá ìwádìí kankan ń lọ. Bí ẹlòmíràn bá ti mú ọ̀kan wá bá yín, ẹ gba orúkọ dókítà tó jẹ́ olórí rẹ̀, ẹ gba orúkọ ìwádìí náà lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́, ẹ gba nọ́ńbà ìwé àṣẹ rẹ̀, kí ẹ wá fi ẹsẹ̀ ara yín lọ sí ilé ìwòsàn tó dárúkọ, kí ẹ bèèrè ọ́fíìsì Ethics Committee. Orúkọ tí wọ́n ń pè é níbẹ̀ nìyẹn. Ẹ má pe nọ́ńbà fóònù tí ẹni náà fún yín, torí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ lè jókòó tì í.

Ọmọ yín tó mọ íntánẹ́ẹ̀tì lò lè wá ìwádìí náà nínú àkọsílẹ̀ PACTR ti ilẹ̀ Áfíríkà, èyí tí wọ́n ń tọ́jú ní Cape Town, tàbí nínú ClinicalTrials.gov ti Amẹ́ríkà. Nọ́ńbà ti àkọ́kọ́ máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú PACTR, ti èkejì pẹ̀lú NCT. Kó wo orílẹ̀-èdè tí wọ́n kọ síbẹ̀. Bí Nàìjíríà kò bá sí níbẹ̀, nọ́ńbà ìwádìí ẹlòmíràn ni wọ́n jí. Bó bá sì wà níbẹ̀, ẹ má tíì sinmi: àwọn tó ń ṣe ìwádìí ló ń fi ọwọ́ ara wọn kọ ọ́ síbẹ̀, ìjọba Amẹ́ríkà kò fọwọ́ sọ̀yà fún un, àwọn ilé ìtọ́jú kan lọ́hùn-ún tiẹ̀ ti lo àkọsílẹ̀ yẹn láti fi gba owó ńlá lọ́wọ́ aláìsàn. NAFDAC ní ọ́fíìsì ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹ bi wọ́n.

Ẹ̀yin ìyálọ́jà, ẹ̀yin ìyá ìjọ, ẹ̀yin aláṣẹ ẹgbẹ́ orí WhatsApp, ọwọ́ yín ni ọ̀pọ̀ nǹkan wà. Ẹ má fi irú ìpolówó bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ síwájú pé bóyá ó máa ran ẹnìkan lọ́wọ́. Àwọn ìyá gbà yín gbọ́ ju rédíò lọ. Ẹ má sì yá ẹnikẹ́ni ní gbọ̀ngán láti fún èèyàn ní oògùn kí ẹ tó rí ìwé NAFDAC àti ti ìgbìmọ̀ ilé ìwòsàn.

Ti ooru ara yìí fúnra rẹ̀, ẹ má fara dà á bí ẹni tó ń jìyà ẹ̀ṣẹ̀. Ìtọ́jú wà fún un. Ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì tàbí dókítà ní ilé ìwòsàn ìjọba tó sún mọ́ yín, wọ́n á fi yín ránṣẹ́ síwájú bó bá yẹ. Ẹ sọ fún wọn bí ẹ bá ti ní jẹjẹrẹ ọmú rí tàbí bí ẹ̀jẹ̀ bá ti dì yín lẹ́sẹ̀ rí, torí kì í ṣe gbogbo ara ló lè gba họ́mónù. Òógùn òru sì lè wá láti inú ikọ́ ẹ̀gbẹ tàbí àìsàn thyroid tó wà lọ́rùn, nítorí náà ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ̀ yín wò. Èyí tó ṣe kókó jù: bí nǹkan oṣù yín bá ti dá fún ọdún kan gbáko, tí ẹ tún wá rí ẹ̀jẹ̀, bó ti wù kó kéré mọ, kì í ṣe pé ara ń padà di ọmọge. Nǹkan bí ẹni mẹ́sàn-án nínú ọgọ́rùn-ún obìnrin tó rí irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ ló ní jẹjẹrẹ ilé ọmọ, bí wọ́n bá sì tètè rí i, wọ́n máa ń wò ó sàn dáadáa. Ẹ má ṣe bo ẹ̀jẹ̀ yẹn mọ́ra nítorí kí wọ́n lè gbà yín sínú ìwádìí tó ń sanwó.

Bí ẹ bá ti san owó ná, tàbí tí ẹ ti ka nọ́ńbà náà fún wọn, ẹ pe báǹkì yín ní ìṣẹ́jú yìí, nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn káàdì ATM yín ni kí ẹ pè, kí wọ́n ti àkáǹtì pa. Lẹ́yìn náà ẹ lọ sí ẹ̀ka báǹkì, ẹ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, ẹ fi tó EFCC létí. Ẹ má pa àtẹ̀jíṣẹ́ wọn rẹ́, ẹ̀rí ni. Ẹni tó bá tún pè yín lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan pé òun lè bá yín gba owó yín padà bí ẹ bá san díẹ̀, ọ̀kan náà ni wọ́n.

Bí ẹ bá sì ti gbé oògùn náà mì, ẹ má ṣe lò ó mọ́, ẹ má sì jù ú nù. Bí ẹyinjú yín bá ń pọ́n bíi ti ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀, bí ìtọ̀ bá dúdú, bí àyà bá ń dùn yín, bí èémí bá ń há, bí ẹsẹ̀ kan bá wú tó ń ta yín, ẹ wọkọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn lónìí, ẹ má dúró de ọ̀la. Bí kò bá tiẹ̀ sí ohun tó ń ṣe yín, ẹ ṣì lọ kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ yín wo ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín. Ẹ mú ọ̀rá oògùn náà dání pẹ̀lú èyí tó kù nínú rẹ̀, kí ẹ sì sọ ọjọ́ tí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó àti iye hóró tí ẹ lò fún dókítà, láìfi ọ̀kan pamọ́. Ẹ má jẹ́ kí ìtìjú dá yín dúró sílé.